Sàráà tí Màmá fi irọ́ mi ṣe

Mo purọ́ kékeré kan fún ìyá mi láàárọ̀ yìí, ó ti di sàráà.

Ọmọbìnrin ará Látífíà kan wà nílẹ̀ Yúróòpù tó máa ń fi bàtà onírin jó lórí yìnyín, tó ń bá wọn díje. Orí fóònù mi ni Màmá ti mọ̀ ọ́n. Ọdún tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán ni Màmá náà ṣubú lóko tí ẹsẹ̀ tiwọn kán. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti sọ ọ́ di ọmọ wọn.

Òní ló padà sídìíje. Mo ń wò ó. Ó fò, ó ṣubú. Ó tún fò, ó tún ṣubú. Òun ló gbẹ̀yìn.

Màmá yọjú láti ilé ìdáná: "Ọmọ mi ńkọ́?"

Mo mọ̀ pé wọn ò ní lè jẹun tí wọ́n bá gbọ́. Ni mo bá ní, "Ó gbégbá orókè, Màmá!"

Mo padà sídìí òfì mi. Ìgbà tí màá fi hun aṣọ díẹ̀, òórùn àkàrà ti gba àdúgbò. Àwọn aládùúgbò ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, Àfáà ń ṣàdúrà.

Màmá ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́ o! Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán ló gba ipò kìíní!"

Gbogbo wọn ń ṣàmín. Èmi náà ṣàmín.

Abọ́ tó kún jù ni wọ́n gbé fún mi. "Tìẹ nìyí, ìwọ lo mú ìròyìn ayọ̀ wá. Tó o bá jẹ ẹ́ tán, fi ibi tó ti gba ẹ̀bùn hàn mí lórí fóònù rẹ."

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí n ṣe báyìí? Ẹ tètè dáhùn. Màmá ti fi jígí wọn sójú, wọ́n sì ti jókòó tì mí.