Ọmọ Tí Kò Ní Wàhálà

Ẹ̀gúsí ni mo ń bó níwájú ilé mi ní Inísà lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní Ìbàdàn dé. Àbíkẹ́yìn mi obìnrin jókòó tì mí, òun náà ń bó tirẹ̀. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, inú náà ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lè mọ ìdí rẹ̀, ẹ ní láti mọ irú ọmọ tí mo jẹ́ nígbà tí mo wà ní kékeré.

Ọmọ jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Ní oko bàbá mi lọ́nà Ìkìrun, bí a bá sun àgbàdo tán, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló máa ń pín in. Èyí tó bá jóná, tó ti dúdú bí èédú, ọwọ́ mi ni wọ́n ń fi í sí.

"Ẹ gbé e fún eléyìí. Kò ní wàhálà."

Àwọn tó kù á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, mo rò pé wọ́n ń yìn mí ni. Bí wọ́n bá gé aṣọ ọdún, èyí tó bá ṣẹ́ kù ni tèmi, ì báà kúrú, ì báà fún mi lápá. Kò ní wàhálà.

Ẹ wo iye ẹrù tí ọ̀rọ̀ kan lè rù. Wọ́n á ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìtẹ́lọ́rùn. Ìyẹn ni pé ẹ lè bù kúrò nínú tirẹ̀. Wọ́n á ní ó rọrùn láti bá gbé, bí ìgbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ bàtà tó ti gbó síni lẹ́sẹ̀. Tó bá sì yí ẹ̀yìn padà, òpè ni wọ́n ń pè é.

Lára bàbá mi ni mo ti rí i pé ìtẹ́lọ́rùn ní ojúlówó. Bùbá méjì ni wọ́n ní, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ méjì. Bí ẹni tó fẹ́ ra iṣu bá bi wọ́n bóyá kòkòrò ti wọ ọ́, wọ́n á ní, "Ó ti wọ mẹ́ta," wọ́n á sì yọ mẹ́ta náà sọ́tọ̀. Ẹni tí kò ṣòro ni wọ́n. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó jẹ́ gbé àgbàdo jíjóná fún wọn.

Nígbà tí mo ka ìwé mẹ́wàá tán, mo rí àyè wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àìsàn ẹsẹ̀ dá ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin yẹn dúró nílé ọkọ wọn ní Òkukù. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa pọnmi, tí yóò máa dáná. Ẹ̀gbọ́n mi wà nílé, wọn ò níṣẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọkùnrin ni wọ́n, wọ́n sì ní wàhálà. Ta ló fẹ́ rán wọn?

Bàbá mi pè mí. "Ṣé o fẹ́ lọ?"

Wọ́n bi mí tọkàntọkàn. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ohun tí ẹ bá ti fẹ́ náà ni, bàbá." Bí wọ́n ṣe kọ́ wa pé ọmọ rere ń dáhùn nìyẹn. Bàbá tí kì í sọ̀rọ̀ méjì rò pé èmi náà kì í sọ méjì. Wọ́n gbà pé mo fẹ́. Ọdún mẹ́fà ni mo fi pọnmi ní Òkukù. Ìsàlẹ̀ àpótí mi ni ìwé ìgbàwọlé náà wà títí ikán fi jẹ ẹ́.

Ní Sátidé yẹn, ẹ̀gbọ́n mi mu omi tán, wọ́n ní ọmọbìnrin àwọn bí ìbejì, kò sì rẹ́ni ràn án lọ́wọ́. Wọ́n na ìka sí ọmọ mi. "Eléyìí ni mo fẹ́ mú lọ. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó fẹ́ lọ kọ́ lóṣù tó ń bọ̀ yẹn ò ní sá lọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á máa báni jiyàn. Òun kò ní wàhálà."

Ọwọ́ ọmọ mi dúró lórí ẹ̀gúsí. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ohun tí ẹ bá ti..."

Mi ò jẹ́ kó parí rẹ̀. "Rárá!"

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. "Rárá kẹ̀? Ìwọ yìí?"

"Rárá, bọ̀dá mi. Ilé ìwé ló ń lọ."

"Ta ló ń kọ́ ẹ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́?"

"Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀. Àgbàdo jíjóná tí èmi jẹ ti tó fún ìdílé wa!"

Wọ́n dìde, wọ́n gbọn aṣọ wọn. "Ẹ wá wo ẹni tí a ń pè ní èèyàn jẹ́jẹ́!" Wọn ò dúró jẹun.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí. Ẹ ò pọnmi lódò mọ́, ilé ìwé sì pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n àgbàdo jíjóná kò tíì tán nílé; wọ́n kàn ń fi ìyìn wé e ni. Ẹ wọ aṣọ kan ṣoṣo bó bá wù yín, ẹ jẹ ohun tó bá wà, n ò ní bá yín wí. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá bi yín bóyá ẹ fẹ́, ẹ dá a lóhùn.

Ọmọ mi ti gbọ́ ìtàn Òkukù lẹ́nu mi rí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi lọ tán ní Sátidé yẹn, ó padà jókòó, ó bó ẹ̀gúsí bíi mélòó kan, kò wojú mi.

Ó ní, "Mọ́mì, ṣé bí 'rárá' ṣe rọrùn tó nìyẹn? Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ fún bàbá àgbà nígbà náà?"