Mọ́ínmọ́ín Ni Mo Ń Jẹ Tí Eyín Mi Fi Kán

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ sún mọ́ mi, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nínú ẹnu ara mi. Mọ́ínmọ́ín ni mo ń jẹ lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe eegun, kì í ṣe àgbàdo sísun. Mọ́ínmọ́ín ewé tó rọ̀ bí òwú. Bí mo ṣe pa ẹnu dé báyìí, mo gbọ́ "kà" nínú etí mi, nǹkan líle kan sì ń yí lórí ahọ́n mi.

Mo tu ú sí àtẹ́lẹwọ́. Ó funfun, kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ. Mo ní òkúta ni. Àbí kí ni ẹ̀yin ì bá pè é?

Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe, ní Ìgàndó. Ìyá Ìbàdàn tó ta mọ́ínmọ́ín náà fún mi kò jìnnà, gọ́tà nìkan ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù wa. Mo gbé òkúta mi, mo sọdá lọ bá a.

"Ìyá Ìbàdàn, ẹ ò ṣa ẹ̀wà yín mọ́ ni? Ẹ wo òkúta."

Ó gbà á, ó gbé e sí oòrùn, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó wá wò mí lójú.

"Ìyá Ṣadé, òkúta tèmi kì í dán báyìí. Ẹ ya ẹnu."

Mo ya ẹnu. Ó yọjú wò ó bí ẹni tó ń wo ìsàlẹ̀ ìkòkò.

"Ẹ pa á dé jàre. Eyín yín lẹ jẹ. Mọ́ínmọ́ín mi ò lẹ́bi."

Àwọn oníbàárà rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ahọ́n mi ti rí ibi tó kán, ẹ̀rù sì bà mí dénú. Ìyá tó bí mi, ní Èkìtì, kò tíì darúgbó tí eyín ẹ̀yìn rẹ̀ fi tán. Bí a bá ń jẹ ẹran lọ́jọ́ ọdún, yóò máa wò wá lẹ́nu, yóò ní òun ti yó. Mo mọ̀ pé kò yó. Ṣé tèmi náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí?

Ìyá Ìbàdàn bi mí bóyá mo máa ń lọ eyín lójú oorun. Mo ní báwo ni n ó ṣe mọ̀, nígbà tó jẹ́ pé mo ń sùn? Ó ní kí n bi ọkọ mi, pé bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, aràn ni, kí n ra oògùn aràn.

Ọkọ mi, tíṣà ni, díákónì sì ni. Bó ṣe ti ilé-ìwé dé, mo bi í. Ó jókòó, ó ń bọ́ bàtà.

"Bàbá Ṣadé, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ," ló wí. "Bí ẹni tó ń lọ ata lórí ọlọ. Mo rò pé wọ́n ń fún ọ lóúnjẹ lójú àlá ni."

Ẹ gbà mí o. Kí ló wá ṣe sí i? Ó ní òun ń gbàdúrà, àti pé bí mo bá ti lọ wẹ̀ láràárọ̀, òun máa ń fi òróró kan ìrọ̀rí mi. Mo dìde lọ wo ìrọ̀rí. Àbàwọ́n tí mo ti ń fọ̀ títí, tí mo rò pé ìpara irun ló fà á, òróró àdúrà ni!

"Ẹ ò bá ti sọ fún mi."

"Mi ò fẹ́ kí ẹ̀rù bà ọ́."

Oògùn aràn ni mo kọ́kọ́ lò, nítorí ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í ro nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa nìkan ló mọ ohun tí mo fojú rí. Síbẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀gbẹ́ orí mi méjèèjì ṣì ń fọ́, párì mi sì ń ro mí bí ẹni tó jẹ ìrèké mọ́jú. Ẹ̀fọ́rí òwúrọ̀ yẹn, ibà ni mo ti ń pè é tipẹ́! Ọkọ mi ló ní ká lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, lọ́dọ̀ àwọn dókítà eyín.

Dókítà tó rí mi, ọmọbìnrin tí kò lè ju Ṣadé mi lọ, tanná sí mi lẹ́nu. Ó fi dígí hàn mí bí orí eyín mi ṣe ti jẹ, tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó ní kì í ṣe aràn, kì í ṣe oúnjẹ àlá, èmi fúnra mi ni mò ń fi eyín lọ eyín. Eyín tó kán yẹn ti là. Òun á dí i, ṣùgbọ́n bí ìlà náà bá fi sọ̀kalẹ̀ dé gbòǹgbò, yíyọ ni.

Mo rántí ìyá mi àti ẹran ọdún.

Ó wá bi mí ní ìbéèrè tí mi ò retí. "Mà, bí ẹ bá ń ránṣọ, ibo ni eyín yín máa ń wà?"

Ibo ni yóò wà, bí kò ṣe ẹnu mi? Ó ní kí n ṣe bí ẹni tó ń ránṣọ kí òun rí. Mo gbé ọwọ́ bí ẹni mú aṣọ, kí n tó mọ̀, mo ti di eyín pọ̀ gbagidi.

"Pínnì ló kù," ni ọkọ mi wí.

Òótọ́ ni. Ẹ̀yin télọ̀ ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ̀ ọ́n: ẹnu wa ni àpótí pínnì wa, eyín wa ni àlùmọ́gàjí tí a fi ń já òwú. Bí ọ̀gá mi ṣe ń ṣe é ni mo ṣe kọ́ ọ. Dókítà ní mò ń fi ojoojúmọ́ kọ́ párì mi ní iṣẹ́, ó wá ń bá iṣẹ́ náà lọ bí mo bá sùn. Ó ní àníyàn náà ń dá kún un. Ó bi mí bóyá mo ní àníyàn kankan. Mo ní rárá. Ọkọ mi wú ikọ́.

Wọ́n dí eyín náà, wọ́n sì ṣe ike kan tó bá ẹnu mi mu, tí mo máa ń fi bo eyín kí n tó sùn. Ọkọ mi ní bọ́ksà tó ń fi ike sẹ́nu jà ni òun fẹ́ níyàwó. Dókítà ní kí n dín obì àti kọfí kù nírọ̀lẹ́, kí n máa fi aṣọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lé párì mi. Ó ní èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ètè pàdé, ṣùgbọ́n eyín ò gbọdọ̀ pàdé, àfi bí mo bá ń jẹun.

Mo rán tìmùtìmù kékeré kan tí mo so mọ́ ọrùn ọwọ́ fún pínnì, mo fi okùn gbé àlùmọ́gàjí kọ́ ọrùn. Kò rọrùn o. Ọwọ́ mi á ti gbé pínnì dé ètè kí n tó rántí.

Ìgbà náà ni ìyá kan láti Gowon Estate gbé aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ wá.

"Á yá lọ́jọ́ Jímọ̀, àbí?"

Tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú pínnì lẹ́nu, "ùn" ni mo máa ń dá gbogbo wọn lóhùn. Lọ́jọ́ yẹn, ẹnu mi ṣófo.

"Rárá, mà. Kò lè yá. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ó wò mí títí. "Ìyá Ṣadé, télọ̀ tó ń sọ òótọ́? Ṣé ara yín yá ṣá?"

A jọ rẹ́rìn-ín, ó sì gbà. Nígbà tó lọ tán, mo jókòó, mo ronú. Gbogbo "ùn" tí mo ti ń dáhùn láti ọjọ́ yìí wá, àdéhùn ni wọ́n. Àdéhùn wọ̀nyẹn ló ń tẹ̀lé mi lọ sórí ibùsùn, tí mo ń lọ̀ mọ́jú. Mo ní n kò ní àníyàn!

Oṣù díẹ̀ kọjá, ọjọ́ àyẹ̀wò pé. Ní gbogbo àsìkò náà, ẹ̀gbẹ́ kan ni mo fi ń jẹun. Dókítà tanná, ó kan eyín náà. Mo di ọwọ́ ọkọ mi mú.

"Ìlà náà ò sọ̀kalẹ̀ kọjá ibi tó wà," ló wí nígbẹ̀yìn. "A ò ní yọ nǹkan kan."

Ọ̀dọ̀ Ìyá Ìbàdàn ni mo gbà lọ tààrà. Mo ní kó fún mi ní mọ́ínmọ́ín, mo sì bi í bóyá ó ti ṣa òkúta inú rẹ̀.

"Tẹnu yín ni kẹ́ ẹ ṣà," ló dá mi lóhùn. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni mo fi jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin ará, bí orí bá ń fọ́ yín bẹ́ ẹ bá ti jí, tí párì ń ro yín, ẹ má sáré ra oògùn aràn bíi tèmi. Ẹ jẹ́ kí dókítà eyín wò ó. Bẹ́ ẹ bá sì gbọ́ tí ẹnìkejì yín ń lọ eyín, ẹ fi òróró kan ìrọ̀rí tó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un.

Ta ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí gbogbo wa kọ́gbọ́n. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó kọ ọ́, bẹ́ ẹ ṣe ń ka ọ̀rọ̀ mi lọ́wọ́ yìí, ibo ni eyín yín wà?