Bẹ́ẹ̀dì Tí Ọkọ Ọmọ Mi Kàn De Ọmọ

Ọkọ ọmọ mi kì í gé pákó láìwọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀dọ̀ olóògbé ọkọ mi ló ti kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, ohun tí ọ̀gá rẹ̀ sì máa ń sọ fún un náà ni pé, "Pákó tó o bá ti gé kò ní hù mọ́." Ìdí nìyẹn tí ẹnu fi yà mí nígbà tó fẹ́ kan bẹ́ẹ̀dì fún ọmọ tí wọn ò tíì fún un.

Ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí ni wọ́n ti pàdé. Wọ́n pè é kó wá tún ilẹ̀kùn ṣe. Ọmọbìnrin kékeré kan wá jókòó tì í, ó ń na ìṣó sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, bí òòlù bá sì ti dún, á pàtẹ́wọ́. Ọmọ náà ní ohun tí àwọn dókítà ń pè ní Dáùn Sindírómù, èyí tí í mú kí ọmọ pẹ́ kó tó rìn, kó tún pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọkọ ọmọ mi délé, ọ̀rọ̀ ọmọ náà ló ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ ṣáá.

Ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ó dà bíi pé Ọlọ́run ń bá mi sọ̀rọ̀."

Ọmọ mi ní, "Tó bá jẹ́ ti ọmọ tó ò ń ròyìn láti ìgbà tó o ti wọlé yìí ni, ó ti bá èmi náà sọ ọ́."

Kì í ṣe pé wọn ò bímọ o. Wọ́n ti bí méjì. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n lọ sọ́fíìsì ìjọba pé àwọn fẹ́ gbà á ṣọmọ. Obìnrin tó wà níbẹ̀ ní ihò wà lọ́kàn ọmọ náà, wọ́n máa kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Tó bá yè é, kí wọ́n padà wá.

Ìgbà yẹn ni káfíńtà wá bá mi. "Mọ́mì, mo wá tọrọ pákó Bàbá."

Pákó tí ọkọ mi tọ́jú sẹ́yìn ilé kó tó kú ni. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

"Bí ọmọ náà ò bá wá ńkọ́?"

"Mọ́mì, èyí kì í ṣe èmi ni mo wọ̀n ọ́n. Ẹni tó rán mi ló wọ̀n ọ́n."

Mo wo ojú rẹ̀, mo ní kó máa gbé e.

Ó kàn án kó lọ sílẹ̀, kí ẹsẹ̀ kékeré lè gùn ún. Ó fi sáńpépà ha gbogbo igun rẹ̀ títí ó fi rí róbótó. Wẹ́dà tó wà lódìkejì títì ní, "Káfíńtà, ta ló fẹ́ sùn síbẹ̀, iwin?"

"Iwin kì í béèrè mátírẹ́ẹ̀sì. Lọ rà á wá tó o bá fẹ́ ṣoore."

A rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo máa ń gbójú kúrò tí mo bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà. Mo mọ bí bẹ́ẹ̀dì tí kò sẹ́ni lórí rẹ̀ ṣe ń rí.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, fóònù dún lọ́sàn-án. Ọmọ mi ló ń pariwo: "Mọ́mì, ó ti lajú o! Ó ti já gíláàsì gbà lójú dókítà!" Mo kúnlẹ̀ síbi tí mo wà.

Lẹ́yìn tí adájọ́ fọwọ́ sí i, wọ́n gbé e wá sílé tí gbogbo wa jọ ń gbé. Ó gun bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó gbá pákó náà pẹ́pẹ́, ó pàtẹ́wọ́. Ló bá sọ̀ kalẹ̀, ó wọ́ aṣọ ìbora rẹ̀ nílẹ̀ wá sí yàrá mi, ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì mi, ní ẹ̀gbẹ́ tí ọkọ mi máa ń sùn sí tẹ́lẹ̀. A gbé e padà, ó tún dé.

Mo ní, "Káfíńtà, Ẹni tó wọ̀n ọ́n mọ bẹ́ẹ̀dì tí òun ń wọ̀n."

Aṣọ fífọ̀ la ń kó sórí èyí tó kàn báyìí. Ọmọ náà sì ń ta mí nípàá lóru bí ẹni ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo dúpẹ́ o.