Ọ̀kadà Tó Ṣubú sí Òsì

Òórùn epo bẹntiróòlù tó kán sórí iyanrìn tútù ni mo fi ń rántí Ìkòsí. Nígbà náà, bí ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí a wọ ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun yìí, mo ń tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lójú ọ̀nà tó ti Kétu wọ Ìkòsí, iwájú wa gan-an sì ni sítáńdì àwọn ọlọ́kadà wà. Bí òjò bá ti dá, tí oòrùn sì tún yọ, òórùn yẹn á gba ojú fèrèsé wọlé, á dàpọ̀ mọ́ òórùn yíǹkì ẹ̀rọ tí a fi ń da ìwé kọ. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ á fọwọ́ dí imú. Èmi á máa fà á símú bí ẹni tí ebi ń pa tó gbóòórùn ọbẹ̀.

Má rẹ́rìn-ín. O mọ̀ mí, o mọ̀ pé ohun tí mo bá fẹ́ mọ̀, n kì í mọ̀ ọ́n dé ìdajì. Ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà ló kọ́kọ́ gbé ìwé wá fún mi láti tẹ̀, orúkọ irin lóríṣiríṣi, ojú ewé mẹ́rìnlá. Mo tẹ̀ ẹ́ tán, mo rí i pé mi ò mọ ohun tí ọ̀kankan nínú wọn ń ṣe, ó sì bí mi nínú. Mo lọ sábẹ́ afárá Kétu lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ògbólógbòó ìwé, mo ra ìwé àtúnṣe ọ̀kadà kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, tí epo dúdú ti mu ojú ewé rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi kà á. Kó tó pé ọdún kan, mo lè jókòó sídìí kọ̀ǹpútà mi kí n gbọ́ ọ̀kadà lójú títì, kí n sì sọ pé ṣéènì ìyẹn ti dẹ̀ jù tàbí pé plọ́ọ̀gì ìyẹn ti dọ̀tí. Bẹ́ẹ̀, mi ò tíì wa ọ̀kadà rí láyé mi.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo rí ọ̀kan tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Kétu, pupa, ìyá kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó pọn ọmọ. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kadà náà ń lọ tààrà, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ yà díẹ̀ sápá ọ̀tún, bí ẹni tó ń rìn lọ síwájú tó sì ń wo ẹ̀gbẹ́. Mo sọ nínú ara mi pé, ṣọ́ọ̀kì iwájú, irin tó di táyà mú, ti apá ọ̀tún, ti wọ́. Inú mi dùn pé mo dá a mọ̀ láti ojú fèrèsé. Mo padà sídìí ìwé tí mo ń tẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọlọ́kadà yẹn gbé máṣíìnì rẹ̀ sí etí gọ́tà wa, ó sọdá títì lọ jẹun. Ọkàn mi ò gbà. Mo jáde, mo lóṣòó tì í. Gbogbo ohun tí mo rò ló rí bẹ́ẹ̀, ó tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bíréèkì ọwọ́ ọ̀tún ti kán ní ṣóńṣó. Irin ìtẹsẹ̀ ọ̀tún ti tẹ̀ sẹ́yìn, ibi tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó sì ti ń dípẹtà. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún táńkì ti ha, ẹnì kan sì ti fi ọ̀dà èékánná pupa kùn ún kó má baà hàn. Mo dìde, mo di ọwọ́ ọ̀kadà náà mú láti gbé e tààrà, kí n lè fi ṣọ́ọ̀kì méjèèjì wéra. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe. Sítáńdì ẹlẹ́sẹ̀ kan ló fi gbé e dúró, ti apá òsì, lórí iyanrìn tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Bí mo ṣe mì í, ẹsẹ̀ irin náà rì wọlé bí ọ̀bẹ tó wọ ẹ̀kọ. Mo fà á, ó fà mí. Ó dùbúlẹ̀ sí òsì gbà-ǹ-gà, dígí rẹ̀ fọ́, epo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti ẹnu táńkì.

“Yéè! Wọ́n ti pa mí o!” Ọlọ́kadà náà ti ń sáré bọ̀, òkèlè ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. “Aunty, kí ni mo fi ṣe yín?”

“Jọ̀ọ́, má bínú. Sítáńdì ló rì. Jẹ́ ká gbé e.”

A jọ gbé e dìde. Mo wò ó yíká. Yàtọ̀ sí dígí òsì, kò sí ohun tó ṣe é. Mo ní mo máa wá dígí mìíràn sí i kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ń wò mí. Mo rí ojú rẹ̀ bó ṣe yí padà, bí ojú ẹni tó ti ń wá ọ̀nà tí ọ̀nà sì ṣí sílẹ̀ fún. Ló bá rìn yí ọ̀kadà náà lọ sápá kejì, ló bá kígbe.

“Ẹ wo bíréèkì mi! Ẹ wo ìtẹsẹ̀! Ẹ wá wo ṣọ́ọ̀kì, ẹ̀yin èèyàn! Aunty yìí ti ba tèmi jẹ́!”

Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣeré. “Òsì ló ṣubú sí! Ìwọ náà bá mi gbé e nílẹ̀! Báwo ni apá ọ̀tún ṣe máa kán?”

Kò sẹ́ni tó gbọ́. Àwọn ọlọ́kadà ti yí mi ká. Obìnrin tó ń gbowó kí aráàlú lè fi fóònù rẹ̀ pe èèyàn lábẹ́ àgboòrùn ní, “Aunty alátẹ̀wé, kọ̀ǹpútà yín ló rìn débẹ̀ ni?” Ẹlòmíì ní bóyá mo fẹ́ gbé e sá lọ ni. Nígbà tó yá, alága sítáńdì dé, ọkùnrin sísanra tó wọ ẹ̀wù aláìlápá ẹgbẹ́ wọn tó ti ṣá. Mo dúpẹ́ nínú mi, mo rò pé ẹni tó mọ máṣíìnì ti dé.

“Ẹ fọwọ́ kàn án, àbí ẹ ò fọwọ́ kàn án?”

“Mo fọwọ́ kàn án, Ṣíàmánì, ṣùgbọ́n…”

“Kò sí ṣùgbọ́n ní sítáńdì yìí. Ẹni tó bá fọwọ́ kan máṣíìnì nígbà tí ọlọ́kadà ò sí nídìí ẹ̀, ohunkóhun tí a bá rí lára ẹ̀, òun ló ṣe é. Òfin wa nìyẹn.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọ̀dà èékánná tí wọ́n fi kun táńkì yẹn! Ó ti gbẹ! Ṣé èmi ni mo ṣubú lù ú tí mo tún kùn ún?”

“Aunty, ẹ̀yin obìnrin lẹ ni ọ̀rọ̀ ọ̀dà èékánná. Ọ̀rọ̀ máṣíìnì là ń sọ níbí.”

Ẹ̀rín sọ. Títí di òní, bí mo bá rántí ẹ̀rín yẹn, àyà mi á gbóná. Kò sí ẹni tó tẹ̀ ba wò nínú wọn, àwọn tó ń fi ọ̀kadà jẹun! Alága ní kí n bá ọlọ́kadà náà lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ni máṣíìnì, kí n fi ẹnu ara mi sọ pé èmi ni mo bà á jẹ́.

A ń rìn lọ, ó ń ti ọ̀kadà, mo ń tẹ̀ lé e. Nígbà tí a yà sí àdúgbò ẹ̀yìn, tí kò sí ẹlòmíì mọ́, ó ní, “Ẹ ṣáà sọ fún Bàbá pé ẹ̀yin ni. Kò ní ṣe yín ní nǹkan kan.”

“Ìwọ ńkọ́?”

“Tó bá jẹ́ èmi ni mo bà á jẹ́, ó máa gba kọ́kọ́rọ́, iṣẹ́ mi sì tán nìyẹn.”

Gbọ́ bó ṣe sọ ọ́. Kò sọ pé ẹ jọ̀ọ́. Kò sọ pé mo ti ṣubú, ẹ̀rù ń bà mí, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Ká ní ó bẹ̀ mí ni, bóyá ǹ bá fi irọ́ kan bò ó láṣìírí, mo mọ ara mi. Ṣùgbọ́n ó fi mí ṣe ẹlẹ́yà níwájú gbogbo àdúgbò tán, ó wá ń pàṣẹ fún mi ní kọ̀rọ̀. Mo pinnu pé irọ́ náà ò ní gba ẹnu mi jáde.

Awakọ̀ agbépo tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá. Orí bẹ́ǹṣì ló wà níwájú ilé, rédíò rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ọlọ́kadà náà tẹnu bọ ọ̀rọ̀ kí n tó dìde: aunty yìí ló ti máṣíìnì ṣubú, alága sì ti dá a lẹ́bi.

“Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi?”

“Bàbá, èmi ni mo mú un ṣubú, mi ò ní parọ́. Òsì ló ṣubú sí, dígí òsì ló fọ́, mo sì máa rọ́pò rẹ̀. Ohun tó ṣe apá ọ̀tún ti wà níbẹ̀ kí n tó dé ìdí ẹ̀.”

Bàbá ò tiẹ̀ dìde. “Mo mọ̀,” ó ní. “Alẹ́ ọjọ́ Àìkú tó gbé e wálé ni mo ti rí i. Mo kàn ń wò ó ni. Mo fẹ́ mọ ọjọ́ tó máa sọ fún mi. Ṣé mo ní kó má ṣubú ni? Ta ni kì í ṣubú? Mo ní kó má fi pa mọ́ fún mi.”

Ó yẹ kí inú mi dùn. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni ìyá tó pọn ọmọ. Mi ò mọ̀gbà tí ohùn mi lọ sókè sí àgbàlagbà. “Bàbá! Ẹ rí i láti ọjọ́ Àìkú, ẹ sì jẹ́ kó máa fi ṣọ́ọ̀kì tó wọ́ gbé èèyàn? Tó bá já lójú ọ̀nà Ìkòròdú ńkọ́? Ẹ ń dán ọmọkùnrin yìí wò, ẹ fi ẹ̀mí àwọn èèyàn ṣe ìdánwò!”

Ó pa rédíò. “Ìwọ tó mọ̀ tó báyìí, ọjọ́ wo lo rí i?”

“Lánàá, Bàbá.”

“O sọ fún un?”

“Rárá.”

“Ẹ ò rí i pé àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ ń gùn ún.”

Ló bá na ọwọ́ sí ọlọ́kadà náà, ó ní kó mú kọ́kọ́rọ́ wá. Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó ń pe Bàbá, ó ń pe èmi náà, ó sọ “ẹ jọ̀ọ́” tí mo ti ń retí látìgbà yẹn, ó sọ ọ́ tó ìgbà mẹ́wàá. Mo bá a bẹ̀bẹ̀. Mo ní, “Bàbá, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé àwa mẹ́ta ni. Kí ló dé tó fi jẹ́ òun nìkan ló máa pàdánù?”

“Tèmi ni máṣíìnì,” ó ní, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

Báyìí ni mo ṣe padà sí ṣọ́ọ̀bù, tí orúkọ mi mọ́ tónítóní. Alága sítáńdì gbọ́ ohun tí Bàbá sọ, ó wá bẹ̀ mí lọ́jọ́ kejì, ó ní òun ò mọ̀ pé mo mọ máṣíìnì tó bẹ́ẹ̀, àwọn ọlọ́kadà kan tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá bi mí léèrè ohun tó ń ṣe tiwọn. Ọmọkùnrin oníṣọ́ọ̀kì wíwọ́ yẹn ò padà sí sítáńdì mọ́, mi ò sì fojú kàn án títí mo fi kúrò ní Ìkòsí. Inú ṣì ń bí mi sí i, nítorí ẹ̀tàn rẹ̀. Inú ń bí mi sí alága tí kò tẹ̀ ba. Ó ń bí mi sí Bàbá jù, ẹni tó gbà pé òun jẹ̀bi, tó sì fi ìjìyà lé ẹlòmíì lórí torí pé òun ló ni nǹkan. Ṣùgbọ́n èmi tí mo kàwé ọ̀kadà fún oṣù mẹ́jọ, tí mo rí ìyá yẹn lórí ikú, tí mo yọ̀ pé mo gbọ́n, mi ò rí ibi tí mo máa fi ẹ̀bi ti ara mi pa mọ́ sí.

Nísinsìnyí, bí mo bá rí táyà tó yà tàbí ṣéènì tó fẹ́ já, mo máa ń kígbe pe ẹni tó ń wà á lójú títì, mi ò bìkítà ẹni tó ń wò mí. Àwọn kan ń dúpẹ́. Ọ̀pọ̀ ń ní kí n gbájú mọ́ iṣẹ́ mi. Mo ń kígbe náà ni. Ìgbe ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ni mo ń ké, ó kàn pẹ́ ni.