Ẹni Tó Bí Ọ Kì Í Jẹ́ "He"

Ó ṣojú mi kòró. Kò sẹ́ni tó ròyìn ẹ̀ fún mi, mi ò sì gbọ́ ọ lẹ́nu aládùúgbò. Nínú ilé tèmi ní Changli, nílùú Tamale ní Ghana, lórí bẹ́ǹṣì tí mo fọwọ́ ara mi kàn, ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí lẹ́tà "b" tó jáde lábẹ́ pẹ́ńsùlù ọmọ mi, tó yíjú padà, tó di "d". Ẹni tó bá sọ pé ọmọ náà ò gbájú mọ́ ìwé, irọ́ ló pa. Ó ń gbájú mọ́ ọn débi pé ahọ́n rẹ̀ á yọ síta, òógùn á bo imú rẹ̀. Lẹ́tà ni kò gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, ó sì lẹ́nu. Yorùbá là ń sọ nílé. Ó ń fi Hausa bá àwọn ọmọ Zongo, àdúgbò àwọn Hausa, jà. Ó ń fi Dagbani, èdè àwọn Dagomba onílùú, nájà ní Central Market, tí àwọn ìyá àgbà á máa rẹ́rìn-ín, tí wọ́n á sì fi ènì kún un. Ṣùgbọ́n ẹ fún un ní pẹ́ńsùlù, gbogbo èdè náà á sá wọgbó.

Mádáàmù tó ń kọ́ wọn, ọ̀dọ́mọbìnrin Dagomba kan tí aṣọ rẹ̀ kì í ní ìwúnjọ, ránṣẹ́ pè wá sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Dungu. Ó ní bí ọmọ náà bá tún fìdí rẹmi nínú gírámà lópin ọdún, kò ní kúrò ní kíláàsì kejì. Ìyẹn ni pé àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó wà ní kíláàsì kìíní, á gòkè wá bá a níbẹ̀. Ọmọ mi gbọ́ ọ. Kò sunkún. Nígbà tí a ń padà bọ̀ lórí mótò ẹlẹ́sẹ̀ méjì wa, ó bi ìyá rẹ̀ bóyá àbúrò òun á ṣì máa pe òun ní àǹtí. Ìyá rẹ̀ ṣe bí ẹni pé ariwo ẹ́ńjìnnì ò jẹ́ kóun gbọ́.

Ni mo bá ní èmi ni n ó kọ́ ọ. Ìyàwó mi, tó kàwé jù mí lọ díẹ̀, wò mí láti òkè délẹ̀. Lóòótọ́, kíláàsì kẹrin ni mo dé kí n tó lọ kọ́ṣẹ́. Mo kúrò níbẹ̀ torí pé ó tó mi. Bí ẹ bá yó, ṣé ẹ ṣì ń jẹun ni? Èmi ni fítà, atúnmótòṣe, tí gbogbo ẹni tó ń gun mótò láti Changli dé Dungu mọ̀. Ẹ́ńjìnnì tí àwọn fítà yòókù ti ní ó kú, èmi ni mò ń jí i dìde. Ẹni tó ń jí òkú, kí ni gírámà fẹ́ fi ṣe é?

Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́wọ́ nígbà náà, eruku bo ìjókòó gbogbo mótò tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ní kó máa fi ìka kọ lẹ́tà síbẹ̀. Mo ní, "Wò ó, ibi tí à ń kọ̀wé lọ ni iwájú. Ikùn 'b' wà níwájú, ó lóyún. Lẹ́tà 'd' ti bímọ ní tiẹ̀, ó ti pọ̀n ọ́n." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí. Ó kọ aboyún kún orí ìjókòó kan, ó kọ ìyá ọlọ́mọ kún òmíràn. Oníbàárà kan fẹ́ nu tiẹ̀ kó máa lọ. Mo ní kó dúró kí wọ́n bímọ tán. Láti ìgbà náà, "b" ò di "d" mọ́. Ẹ lọ bi àwọn tó lọ sí yunifásítì bóyá wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Gírámà fúnra rẹ̀ ò le. Mo sọ fún un pé noun ni ohun tí olè lè gbé, verb ni ohun tí olè ń ṣe, adjective sì ni ohun tó jẹ́ kí olè mú tìrẹ kó fi ti aládùúgbò sílẹ̀. Ó ronú sí i.

"Bàbá, Tamale náà noun ni. Ṣé olè lè gbé Tamale?"

Mo ní àwọn olóṣèlú ti ń gbé e díẹ̀díẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní kí n má ba ọmọ òun jẹ́.

Gbogbo ẹ̀ ń lọ dáadáa títí mádáàmù fi ní kí wọ́n lọ kọ nǹkan nípa bàbá wọn. Ọmọ mi kọ tiẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ dúró ṣánṣán bíi ṣójà. Mo gbà á, mò ń kà á, orí mi ń wú. "My father is a fitter." Òótọ́ ni. "He has a big belly." Mo dúró. Mo bi í pé kí ni "he". Ó ní "ó" ni.

"Ó kẹ̀? Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí ni?"

Ẹ gbọ́ ná. Bàbá kì í jẹ́ "ó". Wọ́n ti dé, wọ́n ti jẹun, wọ́n ń sùn: bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ nìyẹn. Kí sì ni "wọ́n" lédè Gẹ̀ẹ́sì? Kíláàsì kejì ni mo ti mọ̀ ọ́n. "They" ni.

Ọmọ náà ní, "Bàbá, mádáàmù ní tí wọ́n bá pọ̀ ni 'they'."

"Èmi ò pọ̀? Wo ikùn mi."

Ìyàwó mi jáde láti ilé ìdáná. "Bàbá ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ọba àwọn Òyìnbó gan-an, 'he' ni wọ́n ń pè é." Mo ní ọba tiwọn nìyẹn, bó bá wù wọ́n kí wọ́n máa fi orúkọ ajá pè é. Ó ní kí n jẹ́ kí ọmọ kọ ohun tí mádáàmù fẹ́. Mo ní mádáàmù ò tíì bímọ, ìgbà tó bá bí á yé e. Bí mo ṣe fìdí òfin múlẹ̀ nìyẹn: "they" fún bàbá, ìyá, olùkọ́, ìmáàmù àti pásítọ̀, "he" fún àbúrò rẹ̀ àti òbúkọ aládùúgbò. Ọmọ mi gbá a mú kíá, torí pé bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé gan-an nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n ṣèdánwò tán, mádáàmù tún ránṣẹ́ pè wá. Ó fi Hausa bi ìyàwó mi, jẹ́jẹ́, bóyá bàbá ọmọ yìí ju ẹyọ kan lọ. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi já bọ́. Mádáàmù wá gbé ìwé ìdánwò kalẹ̀: "My father they are a fitter. They have a big belly. They are teaching me to write." Bàbá, ìyá àti olùkọ́ ni gbogbo ìbéèrè náà ń sọ̀rọ̀ lé lórí, "they" ni ọmọ mi sì fi dáhùn gbogbo wọn. Kò sí lẹ́tà kan tó yíjú padà. Mádáàmù fúnra rẹ̀ yìn ín, ó bi wá ta ló kọ́ ọ. Mo wú ikọ́.

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ "they" fún un. Ó gbọ́ mi dópin. Ó ní nílé tiwọn náà, wọ́n ń lóṣòó kí àgbà.

"Ṣùgbọ́n Bàbá," ó ní, "ìwé ìdánwò ò mọ àgbà. Ọmọ yín ti fìdí rẹmi."

Mo bá a fà á títí ẹnu fi gbẹ mí. Kò yí máàkì padà. Títí dòní ni mò ń sọ ọ́: èdè tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín bàbá àti òbúkọ, àìsàn ń ṣe é.

Nígbà tí wọ́n wọlé padà, àbúrò rẹ̀ bá a ní kíláàsì kejì. Kò pẹ́ tí ọmọkùnrin yẹn fi la orúkọ mọ́ ọn lórí nínú ilé mi, lójú mi. Mo bi í pé àǹtí ẹ̀ dà. Ó ní, "Bàbá, kíláàsì kan náà la wà." Mo dìde sí i, ìyàwó mi dúró sí wa láàárín. Ọmọbìnrin mi ò tilẹ̀ gbójú sókè. Mádáàmù tún ti ní kí wọ́n kọ̀wé nípa bàbá wọn, ó ti kọ ìlà kìíní, ó wá dúró. Nígbà tó yá, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. 'He' ni yín."

Mo fà á dìde. Mo ní kó kọ ọ́, kó lè kúrò ní kíláàsì yẹn. Ṣùgbọ́n kó kọ "H" rẹ̀ gàgàrà, kó yọ kọjá ìlà.

Ẹ jẹ́ kí n ka ohun tó sọnù. Ọdún ìwé kan. Ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n gòkè lọ sí kíláàsì kẹta, tí wọn ò dúró dè é mọ́ nígbà ìsinmi. "Àǹtí" lẹ́nu àbúrò rẹ̀.