Irin Táyà Iwájú Wà Nínú Àpótí

Ẹrẹ̀ ṣì wà létí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Látọjọ́ tí Alájì onílé mi ti ra píkọ́ọ̀pù, gbogbo Òwu ló ti gbọ́ pé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà á. Lónìí, a jọ gba ọ̀nà oko kan lẹ́yìn Ewékorò, la bá rì.

Mo ní, "Alájì, ẹ jẹ́ n yí irin àárín táyà iwájú, kí tiwájú náà lè bá wa fà á."

"Kò sí níbẹ̀."

"Ibo ló wà, sà?"

"Nínú àpótí aṣọ ọdún mi. Irin tuntun ni. Ṣé inú ẹrẹ̀ báyìí lo fẹ́ kí n gbé e wọ̀?"

Èmi nìkan ni mo ti ọkọ̀ jáde. Alájì jókòó sínú ọkọ̀, ó ní kí n má fọwọ́ ha ọ̀dà.

A délé, a bá àlejò ní pálọ̀. Alájì gbé irin méjèèjì jáde, ó fi áńkáṣífì nù wọ́n. "Àwọn yìí ló ń yọ wá nínú ẹrẹ̀." Ó wá ní kí n jẹ́rìí.

Mo jẹ́rìí. Onílé mi ni.

Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ̀ bá sọ?