Ògiri Ilé Ìwé Tí A Kò Lè Gbà Là ní Ìkòsì

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí àwa tí a ti bá wọn wọ̀yá ìjà rò pé ìsinmi dé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń gba Ìkòsì kọjá, ṣọ́ọ̀bù lẹ ń rí níbẹ̀ lónìí. Ilé ìwé ni tẹ́lẹ̀. Amọ̀ ni àwọn baba wa fi mọ ọ́n, kí wọ́n tó fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ.

Ìjà ìgboro bẹ́ sílẹ̀ ní Kétu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ẹ̀yà kan ń lé èkejì. Tíṣà Bánkọ́lé, ọ̀rẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ olùkọ́, ṣí ilẹ̀kùn ilé ìwé náà fún àwọn tó ń sá. Kò bi ẹnikẹ́ni ní èdè tó ń sọ. Àwọn tó ń lé wọn dáná sun ilé náà mọ́ òun àti wọn lórí. Àwọn òkú kò ṣeé dá mọ̀, inú kòtò kan náà la sin gbogbo wọn sí. Ògiri nìkan ló ṣẹ́ kù.

Ayàwòrán ni ìyàwó Bánkọ́lé, Mummy Tọ́lá. Ó máa ń ra àjákù páànù síńkì ní Owódé Onírin, á fi ìda pa á lójú, á fi abẹ́rẹ́ ha àwòrán sínú ìda náà, á wá rì í sínú ásíìdì kó lè jẹ ojú ìlà wọlé. Lẹ́yìn náà ló máa ń fi tàdáwà tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ògiri yẹn ló ń yà. Mo bi í pé kí ló dé tí kò kúkú ya fọ́tò.

"Kọ́múréèdì, fọ́tò máa sọ pé ilé jóná. Èmi fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èèyàn ló kọ́ ọ, èèyàn ló sì sun ún."

Ká tó mọ̀, kánsù ní àwọn fẹ́ wó o kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Àwa olùkọ́ àti ará àdúgbò ní kí wọ́n fi ògiri náà sílẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ àwọn tó kú síbẹ̀. A lẹ àwòrán Mummy Tọ́lá mọ́ pátákó, a sì wọ́ lọ sí kánsù. Àwọn ẹ̀yà méjèèjì tó ti bá ara wọn jà wà nínú wa, wọ́n jọ ń kọrin.

Alága gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, ó ní kí wọ́n fún wa ní mínírà. Ó yẹ àwọn àwòrán náà wò, ó ní, "Iṣẹ́ yìí dára o, Mummy. Ẹ bá mi ṣe ọ̀kan tí mo máa gbé kọ́ sí ọ́fíìsì."

Mummy Tọ́lá ní, "Ọkọ mi ló kú síbẹ̀, sà."

Ọkùnrin náà dorí kodò. Ó ṣèlérí pé ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan ibẹ̀ títí a ó fi tún jókòó. A pàtẹ́wọ́ fún un.

Ìgbà tí a máa fi padà dé Ìkòsì, katapílà ti ṣe tán. Bí a ṣe ń mu mínírà lọ́wọ́ ni wọ́n ń wó ògiri lọ́wọ́. Mummy Tọ́lá kò sunkún. Ó wọ inú àlàpà náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to àfọ́kù léra wọn. A bá a tò ó, àgbà ọkùnrin ń sunkún bí ọmọdé, títí ọlọ́pàá fi fi tajútajú lé wa.

Kì í ṣe pé a kò rí nǹkan kan jèrè. Wọn kò wó mọ́ṣáláṣí àtijọ́ tí iná bù jẹ lẹ́bàá ibẹ̀, torí ariwo wa. A fi ìbò lé alága yẹn lọ, àmọ́ ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ló wá ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Wọn kò mú ẹnikẹ́ni fún iná yẹn, kò sì sí ibi tí ẹ ti lè ka orúkọ Bánkọ́lé ní Ìkòsì.

Mo lọ kí Mummy Tọ́lá ní Ifákọ̀ nígbà tí àìsàn dá a gúnlẹ̀. Àwòrán ògiri ló kún pálọ̀. Mo béèrè àwòrán ọkọ rẹ̀.

Ó ní, "Mo ti gbìyànjú. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ ojú ẹ̀, ògiri yẹn náà ni ọwọ́ mi máa ń yà."